Ẹ̀KỌ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: BÍ A TI Í FA BẸ́LÍÌTÌ Ọ́TÁNÉTỌ̀ LE LÁRA ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ọkọ̀ tí ó ti dàgbà, tí púpọ̀ nínú wa fi ń kó gàrí, ẹ̀gúsí àti èrò lọ sí ọjà. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ ìgbà náà kò gba ìmọ̀ jíjinlẹ̀ kí a tó lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba àkíyèsí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń bọ̀ láti Ayétẹ̀ ní alẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́ kan. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ ariwo kan bí igbe eku lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo bá ṣáná sí ẹ́ńjìnì ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n n kò kà á sí. Bàbá kan dá mi dúró lọ́nà: ara ọmọ rẹ̀ gbóná, ó sì fẹ́ gbé e dé ilé ìwòsàn ní Igbó-Ọrà. Mo gbà wọ́n sínú ọkọ̀. A kò tíì dé Ìdèrè tí iná ojú ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Kò pẹ́ ni ẹ́ńjìnì kú. Inú òkùnkùn ni a wà fún wákàtí kan àti ààbọ̀, tí ọmọ náà ń gbọ̀n lórí itan bàbá rẹ̀, kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé wọn lọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara ọmọ náà yá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹkáníìkì fi ìka kan ṣoṣo tẹ bẹ́líìtì ọkọ̀ mi, ó sì rọ̀ wálẹ̀ bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Sípánà 2 àti ìṣẹ́jú 15 péré ni àtúnṣe náà gbà.

IṢẸ́ TÍ BẸ́LÍÌTÌ Ń ṢE

Bátìrì kì í dá iná; ó kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò ti ń tọ́jú omi. Ọ́tánétọ̀ ni ó ń pọn omi sínú ìkòkò náà. Dáínámò ni àwọn ọkọ̀ ayé àtijọ́ ń lò. Ní ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni ilé-iṣẹ́ Chrysler ti Amẹ́ríkà fi ọ́tánétọ̀ sínú ọkọ̀ Valiant, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì gba ọ̀nà kan náà. Bẹ́líìtì ni ẹ́ńjìnì fi ń yí ọ́tánétọ̀ yìí. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnì.

Bí bẹ́líìtì bá dẹ̀ jù, yóò máa yọ̀, bátìrì kò ní rí oúnjẹ jẹ, ẹ́ńjìnì sì lè gbóná. Bí ó bá sì le jù, yóò tètè pa bẹ́árìn inú ọ́tánétọ̀ àti ti ẹ̀rọ omi. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí a fura sí nìwọ̀nyí: ariwo bí igbe eku nígbà tí a bá ṣáná tàbí tí a bá tan iná ojú ọkọ̀, iná tí ó ń ràn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sáré ṣùgbọ́n tí ó ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí ó bá rọra, àti iná pupa bátìrì tí kò kú níwájú awakọ̀.

BÍ A TI Í ṢE É

Èkínní: Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù. Ẹ tú wáyà orí bátìrì tí a fi àmì ìyọkúrò (−) sí, kí sípánà má baà dá iná sílẹ̀. Ẹ má ṣe wọ aṣọ tí apá rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀.

Èkejì: Ẹ yẹ bẹ́líìtì wò tinú tẹ̀yìn. Bí ó bá ti sán, tí ó ń yọ fọ́nrán, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán bí dígí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fífà kò lè wò ó sàn. Bí epo ẹ́ńjìnì bá ti rin ín, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí epo ti ń jò.

Ẹ̀kẹta: Ẹ wá bóòtù 2 tí ó di ọ́tánétọ̀ mú. Ọ̀kan ni ó fi ń mì síwá sẹ́yìn. Èkejì wà nínú irin pẹlẹbẹ tí ó ní ihò gígùn. Ẹ dẹ àwọn méjèèjì díẹ̀, ẹ má ṣe yọ wọ́n.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ ki igi líle kan sí àárín ẹ́ńjìnì àti ọ́tánétọ̀, kí ó gún iwájú ọ́tánétọ̀ tí ó nípọn, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó lè fọ́. Ẹ rọra tì í kúrò lára ẹ́ńjìnì títí bẹ́líìtì yóò fi le. Bí ẹ ti dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ fún bóòtù inú ihò gígùn náà le.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì gírígírí ní àárín ibi tí ó ti gùn jù. Ó yẹ kí ó wọlé ní bíi sẹ̀ǹtímítà 1, èyí tí í ṣe ìbú ìka ọmọńdinrín. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ iye mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà, ẹ fún bóòtù kejì le.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ kó irinṣẹ́ kúrò, ẹ so bátìrì padà, kí ẹ ṣáná. Ẹ tan iná ojú ọkọ̀, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, ó yẹ kí bátìrì fi bíi fóòtì 13.8 sí 14.4 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì tuntun a máa nà. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ti Volkswagen Ìjàpá yàtọ̀. Àwọn ìwáṣà pẹlẹbẹ wà láàárín apá méjì púlè rẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò láàárín, bẹ́líìtì yóò le sí i, ìta púlè ni a ó sì fi ìwáṣà náà sí. Ìjàpá kò ní omi. Bẹ́líìtì yìí ni ó ń yí fáàn tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnì rẹ̀. Bí ó bá já, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

ÌKÌLỌ̀

Ẹ má ṣe fi ọṣẹ tàbí àdín pa ariwo bẹ́líìtì. Ariwo yóò dákẹ́, àrùn yóò sì kù síbẹ̀. Bí iná pupa bá tàn lójú ọ̀nà, tí ọwọ́ ìwọ̀n ooru sì ń gòkè, ẹ dúró, ẹ má sì ṣe ṣí ìdérí omi nígbà tí ó gbóná. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ní ohun tí ń fa bẹ́líìtì wọn le fúnra rẹ̀. Ẹ fi ti wọn sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Kí ẹni tí ó mọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí fún awakọ̀ tí kò mọ̀wé. Ní ìgbèríko wa, ọkọ̀ tí ó ń ná ọjà ní ọ̀sán ni ó ń gbé aboyún àti aláìsàn ní òru. Ẹ fi ìka tẹ bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ó tó di ọjọ́ náà. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí.