Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Kàwé Gíga Láti Ilé

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó gba ojú títì àti ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé, ìsọ̀ kan náà ni wọ́n máa pàdé sí, oníṣu kò sì ní bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà kó tó ta iṣu fún wọn. Ó yẹ ká fi òwe yìí bá ara wa sọ̀rọ̀ ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lórí ìwé gíga, nítorí ọ̀pọ̀ wa ṣì gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ yunifásítì: kéèyàn yege JAMB, kó di ẹrù rẹ̀, kó fi ilé àti iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tí ọ̀nà yẹn bá dí mọ́, a máa ń sọ fún un pé kó gba kádàrá. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo Òkè-Baálẹ̀. Ibẹ̀ ni olú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní UNIOSUN. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní 2006, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì wọlé ní 2007. Kí ìwé gíga lè súnmọ́ ará ìpínlẹ̀ yìí ni wọ́n ṣe pín in sí ọgbà mẹ́fà: Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, wọ́n tún sọ College of Education tó wà ní Iléṣà di Yunifásítì Iléṣà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ fún ìyìn. Síbẹ̀, ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà Òkè-Baálẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Àwọn ọ̀dọ́ ń sáré lọ sí kíláàsì. Aránṣọ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń bọ̀ wálé. Olùkọ́ ilé ìwé aládàáni ń rìn kánmọ́kánmọ́ kí wọ́n má baà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó pẹ́ dé. Àwọn mẹ́ta ìkẹyìn yìí lè ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú àpótí nílé. Ilé wọn kò jìnnà sí kíláàsì rárá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló jìnnà sí wọn. Kò sí iye ọgbà tí ìjọba lè kọ́ tó máa yanjú ìyẹn, nítorí kì í ṣe máìlì ló dínà. Àkókò ló dínà, àti ẹnu tó ń dúró de oúnjẹ nílé.

Àwọn tí kò tíì níṣẹ́ náà ń jìyà tiwọn. Lọ́dọọdún, àwọn tó ń jókòó ìdánwò JAMB lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀, àyè tó wà nínú yunifásítì wa kò sì gba ìdajì wọn. Ẹni tó ráyè wọlé náà kò mọ ọjọ́ tí yóò jáde: ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, kò parí títí di oṣù Kejìlá, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú kéré ìwé tí a kà láti ilé. Wọ́n ní kì í ṣe ìwé gidi. Kí a tó dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ ká rántí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1944 ló gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ti Ìbàdàn kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1948. Ilẹ̀ yìí ló jókòó sí tó fi ka ìwé náà. Ó ti láya, ó ti bímọ, ó ti ṣòwò títí gbèsè fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Ìwé ń gba orí omi wá bá a, ìdánwò tó sì ṣe kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ojú àánú gé kúrú fún ará Áfíríkà: Lọ́ńdọ̀nù ló gbé e kalẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù náà ló fún un ní máàkì. Láti 1858 ni yunifásítì yẹn ti ń gba ẹni tí kò gbé inú ọgbà rẹ̀ láyè láti ṣe ìdánwò gboyè. Nelson Mandela náà kàwé òfin báyìí láti inú ẹ̀wọ̀n. Ta ló máa sọ pé àwọn wọ̀nyí kò kàwé?

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tiwa náà kò sùn. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ní 1974. Nígbà tí UPE, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó àwọn ọmọ wọ ilé ìwé ní 1976 tí olùkọ́ kò tó, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá NTI sílẹ̀ ní Kàdúná láti máa kọ́ olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ ọmọ wa ní A B D, ìparí ọ̀sẹ̀ àti àsìkò ọlidé ni wọ́n fi gba ìwé ẹ̀rí NCE wọn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 1988. NOUN, yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan, ni ìtàn tirẹ̀ gùn jù. Ìjọba Ṣàgàrí fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù Keje 1983, ìjọba ológun dá a dúró ní oṣù Kẹrin 1984, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún kí Ọbásanjọ́ tó jí i dìde ní 2002. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni GSM wọ Nàìjíríà, èyí tó mú kí ìwé lè bá èèyàn nínú fóònù rẹ̀ láìdúró de ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ wá lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn Kristẹni títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, nígbà tó ti pé ọmọ ọgọ́rin ọdún. Ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlógójì ní Òkè-Baálẹ̀ tó ń sọ pé òun ti dàgbà jù, ó ku díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí a ṣe ń rìn ín.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè bóyá NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Kì í ṣe yunifásítì náà nìkan lẹ ń béèrè o. Ẹ béèrè nípa ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn rẹ̀, àti kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ kà gan-an. Àjọ náà máa ń gbé orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí jáde, ó sì máa ń gbé orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ayédèrú jáde pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣèlérí dìgírì oṣù mẹ́ta fún yín, olè ni. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí 2023, nígbà tí akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé òun gba dìgírì láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí 2024 wọlé, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, àwọn tó fi òótọ́ kàwé níbẹ̀ sì jẹ nínú ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá.

Ìbéèrè kejì wà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ṣé àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe máa gba ìwé náà? Àwọn tó kọ́kọ́ kàwé òfin ní NOUN gboyè tán, ilẹ̀kùn Law School sì wà ní títì mọ́ wọn fún ọdún púpọ̀, kó tó di pé wọ́n tún òfin NOUN ṣe ní oṣù Kejìlá 2018. Nọ́ọ̀sì ní àjọ tirẹ̀, olùkọ́ ní tirẹ̀, oníṣirò owó ní tirẹ̀. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó sì fẹ́ di dókítà ìṣègùn, ọ̀nà yìí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi fóònù kọ́ iṣẹ́ abẹ.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹrù kù lọ́rùn yín. Alágẹmọ ti bímọ tiẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ilé ẹ̀kọ́ á fi ìwé kọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí yín, á gbé ọjọ́ ìdánwò kalẹ̀, ó tán. Kò sí olùkọ́ tó máa pe orúkọ, kò sí agogo tó máa lù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já bọ́, kì í sì í ṣe nítorí pé orí wọn kò pé. Wọ́n ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ máa dilẹ̀ ni, ọwọ́ àgbàlagbà kì í sì í dilẹ̀. Àwọn baba wa òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà tó ń tàwìn aṣọ láti ìlú dé ìlú, kò lówó ju ẹlòmíràn lọ, wọn kò sì lágbára jù wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n á lóṣòó síwájú ilé ẹni tó jẹ wọ́n lówó, oòrùn ì báà mú, òjò ì báà rọ̀, wọn kò ní dìde títí owó fi jáde. Bí ẹ ṣe máa ka ìwé yìí nìyẹn. Ẹ mú wákàtí kan lóòjọ́, kí ó má yẹ̀. Fún ìyá ọlọ́mọ, ó lè jẹ́ aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, kí ọmọ tó jí. Fún aránṣọ, ó lè jẹ́ ọ̀sán tí oníbàárà kò pọ̀. Bí wákàtí náà bá ti di mímọ̀ fún gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí i.

Ẹ má sì jẹ́ kí àìní kọ̀ǹpútà dá yín dúró. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Fóònù kan tó lè gba ìwé sílẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ìwé kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí dátà má baà máa jo lójoojúmọ́. Ẹ tẹ èyí tó le jù sórí ìwé, nítorí bí iná bá lọ, ìwé kò ní kú. Ní NOUN, iṣẹ́ TMA tí a ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń kó ọgbọ̀n máàkì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí i. Ọjọ́ tó bá ku ọ̀la tí wọn yóò tì í, gbogbo Nàìjíríà ló máa wà lórí pọ́tàlì yẹn. Owó kọ́ọ̀sì àti owó ìdánwò níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń san án. Bí agbára kò bá ká mẹ́jọ, ẹ mú mẹ́rin. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ wá ẹlẹgbẹ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ béèrè ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ yín ta ló ń ka kọ́ọ̀sì kan náà, kí ẹ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp. Ẹni tí ẹnì kan ń dúró dè kì í tètè sá.

Ọ̀rọ̀ ilé ló dùn mí jù. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Àwọn obìnrin wà ní Òṣogbo àti Iléṣà tó fẹ́ pa dà sí ìwé tí ọkọ wọn kò sọ pé rárá, ṣùgbọ́n tí kò gbé ọmọ lọ́wọ́ wọn fún wákàtí kan, tí kò jẹ́ kí wọ́n sinmi lórí oúnjẹ alẹ́. Ọkọ bẹ́ẹ̀ ti sọ pé rárá. Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó bá sọ pé òun fẹ́ kàwé, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ pín iṣẹ́ ilé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ìyá yín náà kí ọ̀rọ̀ má baà di ẹjọ́. Ìwé tó bá wọ ilé yẹn, àwọn ọmọ ló máa kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀, nítorí ọmọ tó ń rí ìyá rẹ̀ nídìí ìwé ní ìdájí kì í nílò kí ẹnikẹ́ni pàrọwà fún un.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan kù fún ìlú. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà jíjìn nílò jù ni yàrá kan tó níná, tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ariwo kò sí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbọ̀ngàn tó ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀, mọ́ṣáláṣí wa ní ilé kéú tó ń dákẹ́ lálẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ti ní iná oòrùn. Lọ́dún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń dáwó fún ìdàgbàsókè ìlú, kí ẹnì kan dìde kó sọ pé òun fẹ́ kí owó òun lọ sí irú yàrá bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀yin ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì yọ̀ǹda ọjọ́ ìdánwò fún ẹni tó ń kàwé lábẹ́ yín láìgé owó oṣù rẹ̀.

Ìwọ tí WAEC tàbí NECO rẹ wà nínú àpótí láti ọdún pípẹ́, gbé e jáde lọ́sẹ̀ yìí. NOUN ní ibùdó ní Òṣogbo. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó bá Ìjẹ̀ṣà pààlà, ní tirẹ̀. Ìbàdàn kò sì jìnnà. Lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ dé ọ̀kan nínú wọn, béèrè kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní, iye tí wọ́n ń gbà àti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa parí, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì mú un wálé láti fi han àwọn ará ilé rẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà.