Àròkọ Aṣàlàyé: Láti Orí Ẹja Odò Dé Orí Ẹja Òkun

Nínú àròkọ aṣàlàyé, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti mú kí ohun tí ó ṣókùnkùn sí òǹkàwé yé e. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ ohun tí a ń ṣe, kò sì ní sọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Òmíràn a máa to òwe jọ bí igi ìdáná, nígbà tí kò sí ìkòkò lórí ààrò. Ẹ kíyè sí bí òǹkọ̀wé àpẹẹrẹ yìí ṣe ń fi ìdí ọ̀rọ̀ lélẹ̀, àti bí ó ṣe ń gba orí ohun tí a ti mọ̀ dé orí ohun tí a kò tíì mọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń sin ẹja odò nínú àpótí onígíláàsì. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sin ẹja òkun àti iyùn. Ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Ìkẹjà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, Agége ni wọ́n sì ń gbé. Ó ti pé ọdún 6 tí wọ́n ti ń sin ẹja nínú àpótí onígíláàsì tí ó ń gba omi lítà 200. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú wọn ni ẹja kékeré aláràbarà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelvicachromis pulcher. Odò gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ń sìn ín nínú yàrá wọn. Omi kànga ẹ̀rọ ilé wọn máa ń kan díẹ̀, bí kò tilẹ̀ kan tó omi ògì, èyí sì bá ẹja náà lára mu. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé àwọn fẹ́ sin ẹja òkun pẹ̀lú iyùn, wọ́n rò pé iyọ̀ nìkan ni ó kù láti fi kún omi. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Iyùn tí a mọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba, egungun ẹ̀dá alààyè ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí a ń sìn nínú àpótí ní ewéko wínníwínní nínú ẹran ara wọn, ewéko yìí ni ó ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ fún wọn. Bí omi bá gbóná jù, iyùn a lé ewéko náà jáde, a sì funfun báláú. Bí ooru náà kò bá tètè rọlẹ̀, a kú. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí iyùn nínú ọ̀pọ̀ òkun àgbáyé ní ọdún 1998. Ìwọ̀n ooru tí ó tẹ́ iyùn lọ́rùn kò ju 24 sí 27 dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ. Ní oṣù Mááṣì, ilé olórùlé páànù ní Agége lè gbóná ju 30 lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ dojú fáànù kọ omi, kí gbígbẹ omi lè mú un tutù.

Ibi gbígbẹ yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Bí omi odò bá dín nínú àpótí, omi odò ni a fi ń dí i. Wọ́n wá ń fi omi iyọ̀ dí omi iyọ̀. Wọ́n gbàgbé pé bí omi bá gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi òkun a máa ní iyọ̀ gíráàmù 35 nínú lítà kan. Bí lítà 5 bá gbẹ kúrò nínú 100, iyọ̀ ti di bí 37 nínú lítà kan. Bí a bá tún wá bu omi iyọ̀ sí i, a ń fi kún un lójoojúmọ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, edé àti ìgbín òkun tí wọ́n fi owó oṣù wọn rà kú tán. Omi tí kò ní iyọ̀ ni à bá fi dí i, kí a sì máa fi haidirómítà wọn iyọ̀ rẹ̀ wò.

Ara ẹja pàápàá yàtọ̀. Omi ń wọ inú ara ẹja odò láìdáwọ́ dúró, ìtọ̀ ni ó fi ń tú u jáde. Ẹja òkun ní tirẹ̀, omi ń fà kúrò lára rẹ̀, ó sì níláti máa mu omi kí ó má baà gbẹ. Lóòótọ́, epìyà ọ̀sà Èkó ń fara da omi iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti omi tí ó fẹ́rẹ̀ má níyọ̀ rárá nígbà òjò. Iyùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni kò fi dára kí a kàn lọ pọn omi ní etíkun Èkó lákòókò òjò, nígbà tí omi odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ti gba inú ọ̀sà wọ òkun. Ó sàn kí a ra iyọ̀ tí a ṣe fún iṣẹ́ náà. Àpótí lítà 200 yóò gba nǹkan bíi kílò 7. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní calcium àti magnesium tí ó tó, calcium sì ni iyùn fi ń kọ́ egungun rẹ̀. Kí a sì ṣọ́ra fún oògùn ẹja tí ó ní bàbà nínú: ẹja lè yè é, ṣùgbọ́n edé àti iyùn kì í yè é.

Lẹ́yìn náà ni sùúrù. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa di amóníà, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ni wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí kò léwu púpọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kì í ṣe olówó nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ní ọdún 1961, Lee Chin Eng, ará Indonéṣíà, kọ̀wé nípa bí òun ṣe ń fi òkúta inú òkun tí ẹ̀dá alààyè kún ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti atẹ́gùn tí ń hó nínú omi sin iyùn, láìsí asẹ́ ńlá.

Atẹ́gùn yẹn ni kò gbọdọ̀ dá, nítorí omi òkun kì í gba atẹ́gùn tó omi odò. Bí iná bá lọ lóru, àrọ̀ lè yọ orí sókè kí ó mí. Ẹja òkun yóò kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Òkúta, yanrìn àti ẹja olómi-ọsàn onílà funfun méjì ni ó wà nínú àpótí wọn báyìí. Wọn kò tíì ra iyùn. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ooru omi náà kò bá ju 27 lọ fún odidi oṣù Mááṣì kan.

Iṣẹ́ Ṣíṣe: Kọ àròkọ lórí bí a ti ń sin àrọ̀ nínú àgbá. Má ṣe sọ pé a ń pààrọ̀ omi rẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀.