Iṣan Mẹ́ta nínú Àrùn Kan

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣan, ni Yorùbá ń lò fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, fún okùn tí ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ẹ̀yà ara, àti fún ẹran-ara tí ń fà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nínú ìwé ìṣègùn, ó lè ṣi aláìsàn lọ́nà. Àrùn tí Jacob Churg àti Lotte Strauss ṣàpèjúwe ní New York ní ọdún 1951 fi èyí hàn gbangba.

Àrùn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ fée líle. Ìósínófíìlì, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí Paul Ehrlich fi àwọ̀ pupa eosin dá mọ̀ ní ọdún 1879, a sì pọ̀ rékọjá ààlà. Iṣan-ẹ̀jẹ̀ a wú, a dí. Iṣan-òjíṣẹ́ tí ń gba oúnjẹ láti inú rẹ̀ a sì bàjẹ́. Ẹsẹ̀ kan a máa wọ́ nílẹ̀, sálúbàtà a máa bọ́ níbẹ̀ láìmọ̀. Ọwọ́ a rọ láti ọrùn-ọwọ́.

Ìgbà ìyípadà ìtọ́jú gba ìṣọ́ra. Sítẹ́rọ́ìdì bíi prednisolone lè ti bo àrùn náà mọ́lẹ̀. Bí oògùn tuntun bá mú kí èémí já geere, tí dókítà sì ń dín sítẹ́rọ́ìdì kù, ohun tí ó lúgọ lè yọjú. Wọ́n ti ṣàkíyèsí èyí lára àwọn tí ń lo montelukast àti omalizumab. Dupilumab pẹ̀lú lè mú kí ìósínófíìlì pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Mepolizumab, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn yìí ní ọdún 2017, ń dín wọn kù, ṣùgbọ́n iṣan-òjíṣẹ́ tí ó ti bàjẹ́ kì í tètè sàn.

Bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ pé “iṣan lè máa dùn yín,” aláìsàn yóò ra oògùn ara ríro, yóò sì fi ọjọ́ ṣòfò. Bí ó bá kọ “ẹ̀gbà,” ẹ̀rù lè gbé e lọ sí ibòmíràn. Ó sàn kí iṣan-ẹ̀jẹ̀, iṣan-òjíṣẹ́ àti iṣan-ẹran dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìkìlọ̀ sì kà báyìí: “Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú tipiri tàbí tí ó rọ nígbà tí ẹ ń pààrọ̀ oògùn, iṣan-òjíṣẹ́ lè wà nínú ewu. Ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín.”