Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá ti gba Otigba wọ Computer Village ní Ìkẹjà rí, tó sì gba Medical Road jáde, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pepple Street tí ẹ̀yin ọmọ ọjà ń sáré gbà lójoojúmọ́, Fela Aníkúlápò-Kútì ti tẹ Afrika Shrine, ilé ijó rẹ̀, dó síbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà àti fóònù tó gba gbogbo àdúgbò náà. Ìrìn ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni mo fẹ́ fi gbà yín nímọ̀ràn.

London ló ti dá ẹgbẹ́ náà, Koola Lobitos, sílẹ̀, wọ́n ń da hàiláìfù pọ̀ mọ́ jáàsì. Wọ́n dé Èkó, orin náà ò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọn èrò létí. Ní 1969, ó kó wọn lọ Amẹ́ríkà, níbi tí Sandra Izsadore, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, ti là á lójú sí ìtàn aláwọ̀ dúdú. Ilé ló ti padà rí ohun tó lọ wá lókè òkun. Koola Lobitos di Nigeria 70, ó di Afrika 70, ó sì di Egypt 80 nígbẹ̀yìn. Kò tijú pé ọ̀nà tí òun kọ́kọ́ gbà ò já. Ẹ̀yin tí ọjà ti kúrò lọ́wọ́ iṣẹ́ tí ẹ kọ́, ẹ má tijú àtibẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà tí Igo Chico, afunsasofóònù, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1973, Fela tó jẹ́ pé tùrúḿpẹ́ẹ̀tì ló kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gbé sasofóònù fúnra rẹ̀, ó sì kọ́ ọ.

Ibi tó dùn mí nìyí. Tony Allen, onílù tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti 1964, tí ìlù Afrobeat gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀, bá tirẹ̀ lọ lẹ́yìn ìrìn-àjò Berlin ní 1978. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn náà lọ. Ọjà tí ọ̀nà àtiwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà àtijáde rẹ̀ pọ̀ bákan náà. Lékan Animashaun ní tirẹ̀ dúró láti ayé Koola Lobitos títí Fela fi kú ní 1997, ó sì tún bá Ṣeun, ọmọ Fela tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà náà, gbé Egypt 80 ró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Kí ọ̀gá kankan má fi tirẹ̀ díwọ̀n gbogbo èèyàn.

Torí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn, tó ń tún fóònù ṣe fún yín, ẹ ti ṣèlérí fírídọ̀mù fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é fún un lọ́jọ́ tí ẹ dá, kí ẹ sì fún un lówó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.