Láti Hẹlikọ́pítà sí Bàálù Ńlá
Ọ̀pọ̀ awakọ̀ hẹlikọ́pítà tó ń gbé òṣìṣẹ́ epo láti Port Harcourt lọ sójú òkun ló ń fẹ́ máa wa bàálù ńlá. Kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ tẹ̀ lé wọn fara balẹ̀.

Àṣà tó ti mọ́ni lára ló ṣòro jù láti yí padà. Apá ọ̀tún ni ọ̀gá awakọ̀ hẹlikọ́pítà sábà máa ń jókòó sí. Nínú Boeing 737, apá òsì ni. Hẹlikọ́pítà lè dúró lójú kan lófurufú. Bàálù kò lè dán an wò: bí eré rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, ìyẹ́ rẹ̀ kò ní lè gbé e mọ́.

Ìwé àṣẹ bàálù tún yàtọ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́kọ́ bi NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, léèrè iye wákàtí hẹlikọ́pítà tí wọn yóò kà fún yín, kí ẹ tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ kankan.