Àpótí Ìmọ̀: Gbọ̀ngàn Glover

Ẹni tó bá wọ BRT ní Mile 12, tó gba Ketu àti Ojota kọjá, tó sì sọ̀ ní CMS, kò ní rìn jìnnà kó tó dé Ojú Pópó Customs, níbi tí Gbọ̀ngàn Glover wà. Orúkọ John Glover ni wọ́n fi sọ ọ́, òyìnbó tó ṣàkóso Èkó láyé ìjọba amúnisìn; Gòlóbà ni àwọn ará Èkó ń pè é.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, gbọ̀ngàn yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han ará ìlú ní Nàìjíríà. Àwòrán tó ń rìn lára ògiri! Ẹ fojú inú wo ariwo tí yóò sọ.

Ṣùgbọ́n ọdún 1944 ni kí ẹ máa rántí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọgbà Édẹ́nì síbẹ̀, kí wọ́n lè rówó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ṣì ń ṣe nígbà náà. Oṣù méjì ó lé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpàdé sínú gbọ̀ngàn kan náà. Ìpàdé ọ̀hún ló bí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC: Herbert Macaulay di ààrẹ, Nnamdi Azikiwe di akọ̀wé.