Ẹ Má Tíì Fọ́máàtì

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ní Òtígbà, n'Ìkẹjà, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gba fúrídọ́ọ̀mù, tí ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tiyín sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, gbólóhùn kan ti mọ́ yín lẹ́nu jù: "Màmá, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Kọ̀ǹpútà ń lọ́ra, fọ́máàtì. Kò tètè tàn, fọ́máàtì. Ó ń gbóná, fọ́máàtì náà ni. Oníbàárà á sanwó, á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé, á rí i pé ó yá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ á ti di àwátì, ìlọ́ra náà á sì tún yọjú nígbà tó bá yá, nítorí pé ohun tó fà á gan-an kò kúrò níbẹ̀.

Fọ́máàtì ní àyè tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó bá ti ta gbòǹgbò nínú Windows kì í sábà gbọ́ oògùn mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà ilé tí wọ́n ń gbé wá bá wa, àìsàn kọ́ ló ń ṣe é. Ẹrù ló pọ̀ lórí rẹ̀, tàbí kí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan ti kéré ju iṣẹ́ tí wọ́n ń fún un lọ. Èwo ni nínú méjèèjì? Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ọwọ́ yín tó kan ohunkóhun.

Ẹnu ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi oníbàárà pé ìgbà wo gan-an ló máa ń lọ́ra. Ṣé ìgbà tí wọ́n bá ń tan án ni, àbí ìgbà tí wọ́n bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì nìkan? Ṣé ó máa ń yá láàárọ̀ kó tó wá máa fà lọ́sàn-án? Èyí tó ń pẹ́ kó tó tàn, ẹ wo díìsìkì àti àwọn ápù tó ń bá Windows jí. Èyí tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń fà, ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ló jẹ̀bi. Èyí tó yá láàárọ̀ tó wá rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tó tú láptọ́ọ̀pù palẹ̀ pátápátá láìbéèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Irú wọn pọ̀, wọ́n sì máa ń rò pé síkúrù tí àwọn tú ni iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó fara balẹ̀, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á yọ. Ibi tí wọ́n ti ń pa ápù tó bá háńgì ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó tóbi jù níbẹ̀ ni àyẹ̀wò. Ẹ wo CPU, Memory àti Disk. Tí Disk bá dúró sí 100% tí kò sọ̀kalẹ̀, tí CPU sì ń ṣeré ní 5%, díìsìkì ni ẹ̀rọ yẹn ń dúró dè. Tí Memory bá ti kọjá 90%, RAM ló kéré. Tí CPU bá wà lókè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ tẹ orúkọ CPU lórí òpó rẹ̀ kí èyí tó ń jẹun jù lè bọ́ sókè. Ó lè jẹ́ Windows tó ń ṣe àfidéètì, ó lè jẹ́ antivirus tó ń yẹ fáìlì wò, ó sì lè jẹ́ àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Ọ̀rọ̀ RAM àti díìsìkì máa ń dàrú mọ́ àwọn oníbàárà lójú. Ẹ fi iṣẹ́ télọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn: RAM ni tábìlì tí télọ̀ ń gé aṣọ lé lórí, díìsìkì ni àpótí tó ń kó aṣọ sí. Tí tábìlì bá kún, ó di dandan kó ká aṣọ kan padà sínú àpótí kó tó lè tẹ́ òmíràn. Ohun tí Windows ń ṣe nìyẹn. Tí RAM bá kún, á da ẹrù sínú fáìlì kan lórí díìsìkì, á tún máa lọ gbé e wá nígbà tó bá fẹ́ lò ó. Ìdí rẹ̀ tí RAM tó kéré fi lè gbé Disk dé 100% nìyẹn, tí ọmọṣẹ́ tí kò wo méjèèjì pọ̀ á sì dá díìsìkì lẹ́bi.

Kí ẹ tó kúrò nínú Task Manager, ẹ wọ Performance, ẹ tẹ CPU, kí ẹ ka ibi tí wọ́n kọ Up time sí. Ẹ lè rí ọjọ́ 20, ọjọ́ 30, kí oníbàárà sì máa búra pé alaalẹ́ lòun ń pa kọ̀ǹpútà òun. Kò purọ́. Láti ìgbà Windows 8, lọ́dún 2012, ni ohun kan tó ń jẹ́ Fast Startup ti wà níbẹ̀. Tí a bá tẹ Shut down, Windows kì í pa ara rẹ̀ tán. Ó ń tọ́jú inú ara rẹ̀ sórí díìsìkì kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì, ìdọ̀tí tó kó jọ lánàá á sì bá a jí. Restart ló ń pa á pátápátá, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ tẹ Restart. Ìṣòro mìíràn máa ń parí síbẹ̀, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún wọn pé ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa tẹ Restart lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Àwọn ápù tó ń bá Windows jí wà nínú Startup, nínú Task Manager kan náà. Lórí kọ̀ǹpútà ilé, ẹ óò bá Spotify tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́, Skype tó ti kógbá wọlé láti ọdún 2025, ápù ìtẹ̀wé tí wọ́n ti ta ẹ̀rọ rẹ̀, Zoom àti Teams tí ọmọ wọn lò nígbà Kòrónà. Ẹ tẹ Disable sí wọn. Disable kì í pa ápù rẹ́, ó kàn ní kó má jí títí a ó fi pè é, ìgbàkígbà la sì lè yí i padà. Ẹ má fọwọ́ kan ti ààbò, ti ohùn àti ti touchpad. Èyí tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó pa á. Tí ẹ bá bá antivirus méjì lórí ẹ̀rọ kan, ẹ yọ ọ̀kan, nítorí pé fáìlì kan náà ni àwọn méjèèjì ń dá dúró yẹ̀ wò. Defender tó bá Windows wá tó fún ọ̀pọ̀ ilé.

Díìsìkì wá ni ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀ sábà máa ń ní díìsìkì onírin tó ń yípo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń ta SSD á sọ fún yín pé díìsìkì onírin ń ka bíi 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pé SSD oní-SATA ń ka bíi 500. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni àǹfààní náà wà. Fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ni Windows máa ń kà nígbà tó bá ń jí. Díìsìkì onírin gbọ́dọ̀ gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kó sì dúró kí àwo yí dé abẹ́ rẹ̀. Ibi tó lè dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju bíi 100 lọ. SSD kò ní ohun tó ń yí, ó lè dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi láàárín àkókò kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ọdún 2014 kan tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tàn fi lè máa tàn kí ẹni tó ni ín tó gbé ife tíì kalẹ̀. Tí owó oníbàárà bá mọ síbì kan ṣoṣo, SSD ni kó ná an sí. Èyí tó tẹ̀ lé e ni RAM, láti 4 GB sí 8 GB.

Ẹ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni lọ rajà. SSD oní-íǹṣì 2.5 kì í wọ ojú M.2, M.2 oní-NVMe kì í sì í ṣiṣẹ́ lójú tó jẹ́ ti SATA nìkan bó tilẹ̀ wọ̀ ọ́. RAM náà ní irú: DDR3 kì í wọ ojú DDR4. Ẹ̀rọ tó bá ń fẹ́ DDR3L, tí fólítì rẹ̀ jẹ́ 1.35, ẹ má ki DDR3 tó ń fẹ́ fólítì 1.5 bọ̀ ọ́. Láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ mìíràn sì wà tí wọ́n ti lẹ RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sí ohun tí ẹ lè fi kún un. Ẹni tó bá ra ohun tí kò wọ̀ kò ní bínú sí ẹni tó tà á fún un. Ẹ̀yin ni á bínú sí.

Bí SSD bá ti dé, ẹ má fi í ṣe àwáwí láti fọ́máàtì. Ẹ ṣe clone díìsìkì àtijọ́ sórí rẹ̀, kí oníbàárà lè bá gbogbo nǹkan rẹ̀ níbi tó fi wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi CrystalDiskInfo wo ìlera díìsìkì àtijọ́ náà. Tó bá kọ Caution tàbí Bad, ẹ dáwọ́ gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró, kí ẹ kó fọ́tò àti ìwé wọn jáde ná. Ilé tí iná ti ń ṣẹ́jú, tí báàtìrì láptọ́ọ̀pù sì ti kú, tí wọ́n ń lò ó lórí jẹnẹrétọ̀ lásán, díìsìkì onírin kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ báàtìrì tuntun tàbí UPS, nítorí pé pípa òjijì ń ba fáìlì Windows pàápàá jẹ́.

Ẹ yé fi defrag pọ́n SSD lójú. Díìsìkì onírin ni wọ́n ṣe é fún. Windows mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, ó sì ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ. Àwọn ápù tó ń pariwo pé àwọn ń fọ registry, ẹ jìnnà sí wọn. Mi ò tíì rí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n mú yá, mo sì ti rí èyí tí wọ́n bà jẹ́. Tí dírááfù C bá ti pupa, Storage Sense tó wà nínú Settings á kó ìdọ̀tí kúrò. Lẹ́yìn náà, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ jókòó tì yín láti wo Downloads. Ibẹ̀ ni fíìmù àti fáìlì kan náà tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀mẹ́rin máa ń sùn sí. Ẹ má bá wọn pa ohun kan rẹ́ lẹ́yìn wọn, ẹ má sì ṣí fọ́tò tí wọn kò ní kí ẹ ṣí.

Nípa ooru, oṣù ọyẹ́ ni ẹ óò rí i jù. Eruku á dí fáànù, Màmá á gbé láptọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì, ojú èémí rẹ̀ á dí. Bí CPU bá ti gbóná dé nǹkan bíi 100°C, á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná, ìyẹn ni oníbàárà á sì máa pè ní "ó ti gbó." Ẹ fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ẹ di fáànù mú nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ kó má baà yí kọjá agbára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ páàsìtì orí CPU tó bá ti gbẹ. Ẹ tún wo ètò iná rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti yí i sí agbára tó kéré jù nítorí báàtìrì nígbà kan, tí wọ́n sì ti gbàgbé.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò gùn. Ẹ yọ extension tí wọn kò mọ bó ṣe débẹ̀, ẹ dín tab kù, ẹ ti ìkìlọ̀ àwọn sáìtì tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà pa. Ilé tó bá ń ra dátà ní gígà-gígà, ẹ bá wọn tan Metered connection, kí àfidéètì má baà máa jẹ dátà nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n ṣáà máa wá ọjọ́ kan láti gba àfidéètì ààbò.

Ó wá ku ibi tó ṣòroó sọ fún oníbàárà. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù October, 2025. Windows 11 ní tirẹ̀ ń fẹ́ TPM 2.0, tí CPU ẹ̀rọ bá sì jẹ́ Intel, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nílé àwọn èèyàn wa kò yege. Àwọn kan nínú yín ń fi ọgbọ́n kì í bọ̀ wọ́n tipátipá, wọ́n ń fi activator ọ̀fẹ́ tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣí i, èyí tó máa ń ní kí wọ́n pa antivirus kí òun tó lè ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì tí ẹ ń fọ́máàtì dànù, ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà wọlé. Ẹni tó jẹ́ pé ìwé kíkọ, YouTube àti lẹ́tà nìkan ló ń ṣe, ẹ fi Linux Mint hàn án. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń yá lára ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Ẹni tó ń lo ápù ìṣirò ọ́fíìsì tí kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó máa tọ́jú owó ẹ̀rọ mìíràn.

Ẹ máa gbowó àyẹ̀wò. Ojú ń ti àwọn ọ̀dọ́ láti gbowó nígbà tí wọn kò pààrọ̀ nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá sínú fọ́máàtì, torí pé ó dà bí iṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá lára ẹ̀rọ sórí ìwé, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sí i, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ náà lójú wọn. Díìsìkì àtijọ́ tí ẹ yọ kúrò, ti oníbàárà ni, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Tí ìlera rẹ̀ bá ṣì dára, ẹ bá wọn ra kéèsì USB fún un, kí wọ́n máa fi tọ́jú ẹ̀dà fọ́tò wọn.